Àlàyé Rẹ̀ Dán, Owó Kò Pé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn ẹ̀rọ tó ń fi Yorùbá dáhùn ìbéèrè lórí fóònù wa ṣe ń ronú, ẹ má wulẹ̀ wá ìbéèrè tó le kiri. Ẹ kàn bi wọ́n pé: mélòó ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rin?

Àwa mẹ́rin tí a jọ ń kọ èyí (méjì nínú wa ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ẹnì kan ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹnì kẹrin ń kọ́ èdè Yorùbá, òun náà ló ń bá wa fi àmì sórí ọ̀rọ̀) ti bi wọ́n ní ìbéèrè yìí lóríṣiríṣi ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn dá wa lóhùn pé 83 ni. Pé ó ṣì í kọ́ ló yà wá lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé, àlàyé náà sì tọ̀nà. Ó ní ọgọ́rin ni 80, mẹ́ta ni 3, ó ní "dín" tó wà láàárín wọn túmọ̀ sí pé kí a yọ èyí tó kéré kúrò lára èyí tó tóbi. Lẹ́yìn gbogbo ẹjọ́ yìí, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé nítorí náà, 83. A pa ojú ìwé yẹn dé, a ṣí tuntun, a tún bi í. Ó ní 77. A bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní 73.

Ọmọ tó ń ta ọsàn ní gáréèjì lè má lè ṣàlàyé "dín" fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ kò lè fún un ní ọsàn 77 kí ẹ sọ fún un pé 83 ni. Ó mọ ìdáhùn láìmọ àlàyé. Ẹ̀rọ yìí mọ àlàyé, ìdáhùn ni kò dá a lójú. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé, àfi bóyá láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la.

Ohun tó fà á kò ṣòro sọ. Large language model ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ẹ̀rọ yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ni pé, bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, kó sọ èyí tó ṣeé ṣe jù lọ kó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún un kà, títí ó fi mọ̀ pé bí ènìyàn bá kọ "ẹ kú", "àárọ̀" lè tẹ̀ lé e, "ìjókòó" lè tẹ̀ lé e, àmọ́ "àga" kò lè tẹ̀ lé e. Kò sí olùkọ́ kan tó jókòó tì í, tó kó òkúta mẹ́wàá síwájú rẹ̀, tó ní kó mú mẹ́ta kúrò. Ohun yòówù tó bá mọ̀ nípa ìyọkúrò, inú ọ̀rọ̀ tó kà ló ti ṣa á.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà ka nǹkan ní Yorùbá, ìṣirò ni fúnra rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta ni 45: mú márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá ni a mú kúrò nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta náà, ogún mẹ́ta ni. Kí ẹni tó ń ka iṣu tó dé orí 45, ó ti ṣe ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan, ó ti yọ nǹkan kúrò lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mọ̀ pé òun ṣe ìṣirò kankan. Ẹni tó bá ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ láìṣe iṣẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí rẹ̀ yóò ti tú.

Kì í kúkú ṣe nínú Yorùbá nìkan ló ti ń tú. Ní ọdún 2023, Nouha Dziri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún GPT-4, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá láàárín àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà, ní ìṣirò ìlọ́po, irú 437 lọ́nà 268. Ó gba 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí ẹ̀gbọ́n yín gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama yóò gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀rọ náà ń so àwọn ègé ìṣirò tó ti rí rí pọ̀ mọ́ra ni, kì í tẹ̀ lé ìlànà láti òkè dé ìsàlẹ̀, débi pé bí iṣẹ́ bá ṣe ń gùn sí i ló ṣe ń ṣìnà sí i.

Gbogbo èyí, eré la fi ń ṣe nínú yàrá wa. Ìpè kan tó wọlé sórí fóònù ọ̀kan nínú wa nígbà tí ọdún ń parí lọ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gidi.

Màmá rẹ̀ ni akápò ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àwọn obìnrin kan ní ọjà ìlú wọn, lọ́nà Òṣogbo. Ọdún kọkànlá tó ti ń ṣe é nìyẹn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn mẹ́jọ ń dá ₦5,000 lóṣooṣù, àwọn mẹ́fà ń dá ₦10,000. Nígbà tí ọdún pé, owó tí gbogbo wọn dá jẹ́ ₦1,200,000, èrè tí wọ́n rí lórí owó tí wọ́n yá àwọn ènìyàn sì jẹ́ ₦180,000. Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí owó tí oníkálùkù dá bá ṣe pọ̀ tó ni ìpín rẹ̀ nínú èrè yóò ṣe pọ̀ tó. Màmá pín in sínú ìwé bó ṣe máa ń pín in lọ́dọọdún: ẹgbẹ̀rún náírà kan, àádọ́jọ náírà. Ẹni tó dá ₦60,000 gba ₦9,000. Ẹni tó dá ₦120,000 gba ₦18,000. Mẹ́jọ lọ́nà 9,000 jẹ́ 72,000, mẹ́fà lọ́nà 18,000 jẹ́ 108,000, ó pé ₦180,000 géérégé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí nínú ẹgbẹ́ náà ní fóònù tó dára. Kò ní ibi lọ́kàn, a gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ iye tó ń bọ̀ wá bá òun kí ọjọ́ ìpàdé tó pé ni, ó sì kọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹgbẹ́ náà sínú ẹ̀rọ: iye tí wọ́n jẹ́, iye tí wọ́n dá, èrè tó wọlé. Bí ènìyàn ṣe máa ń ròyìn, ó fi kún un pé mẹ́ta nínú àwọn tó ń dá ₦5,000 pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó mú owó oṣù Kọkànlá wá. Wọ́n mú un wá o. Wọ́n kàn pẹ́ ni. Ẹgbẹ́ wọn kò sì ní òfin kankan lórí ìyẹn. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé ló ń san owó ìtanràn, ẹni tó bá pẹ́ mú owó wá kì í san nǹkan kan.

Ẹ̀rọ náà kọ èsì jáde bí ìwé adájọ́. Ìpele kìíní, ìpele kejì, ìpele kẹta. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn mẹ́ta yẹn kò san owó oṣù Kọkànlá lásìkò, a kò ní ka oṣù náà mọ́ tiwọn, nítorí náà ₦55,000 ni a ó fi ṣírò fún wọn, ìpín wọn yóò sì jẹ́ ₦8,250. Ti àwọn márùn-ún yòókù ₦9,000. Ti àwọn mẹ́fà ₦18,000. Ó wá fa ìlà sísàlẹ̀, ó kọ àpapọ̀: ₦180,000, ó sì fi àmì máàkì aláwọ̀ ewé sí i lára.

Ọmọbìnrin náà gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Màmá kò sí lórí WhatsApp. Fóònù oníná tọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ẹlòmíràn ló ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí nínú ọjà, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó pẹ́ yẹn ni ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní olè. Wọ́n kàn bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé kí ló dé tó fi fún àwọn mẹ́ta yẹn ní ₦2,250 ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnì kan sì fi kún un pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú. Gbólóhùn yẹn ló ká Màmá lára jù. Ó pe ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sọ pé kó bá òun ṣírò rẹ̀. Ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í ṣìnà.

Ọmọ rẹ̀ gba àwòrán ojú fóònù yẹn, ó gbé e wá sí yàrá, gbogbo wa sì jókòó tì í. Ẹ jẹ́ ká ro ó pọ̀ bó ṣe wà níbẹ̀. Márùn-ún lọ́nà 9,000 jẹ́ 45,000. Mẹ́ta lọ́nà 8,250 jẹ́ 24,750. Mẹ́fà lọ́nà 18,000 jẹ́ 108,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦177,750. Ẹ̀rọ náà kọ ₦180,000. Ẹ̀rọ tó ń fi Màmá sùn pé ₦2,250 lọ síbi tí kò yẹ, òun ló gbé ₦2,250 gan-an sọnù, tó sì fi máàkì sí i.

A kò lè yé ronú nípa ₦180,000 yẹn. Ibo ló ti rí i? Kì í ṣe nínú àròpọ̀ rẹ̀. Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé ó kọ ọ́ níbẹ̀ nítorí pé ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá pín owó sínú ìwé, iye tó máa ń wà nísàlẹ̀ ni iye tí wọ́n fẹ́ pín tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwé tó ti kà ṣe ń parí. Akápò tó bá ń kọ àpapọ̀ láìro àwọn tó wà lókè pọ̀, a mọ orúkọ tí ọjà ń pè é. Ẹ̀rọ tó ṣe irú rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ojúsàájú.

Ọmọ rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́, ó ka àròpọ̀ náà fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ ìpàdé, Màmá ní kí ọmọbìnrin tó ni fóònù dìde, kó ro àwọn iye tó wà lójú fóònù rẹ̀ pọ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, wọ́n sì pín owó bí Màmá ṣe kọ ọ́. Àmọ́ Màmá ti sọ fún alága pé tí ọdún tó ń bọ̀ bá parí, kí wọ́n wá akápò mìíràn. Wọ́n ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Àwa kò fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí a kò fi dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àìsàn yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ Apple gbé ìwádìí jáde tó jọ ọ̀rọ̀ Màmá bí ìbejì. Wọ́n mú àwọn ìbéèrè ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi gbólóhùn kan tí kò kan ìṣirò náà kún un. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan ká èso kiwi 44 ní ọjọ́ Ẹtì, ó ká 58 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ọjọ́ Àìkú ó ká ìlọ́po méjì ti ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ márùn-ún nínú ti ọjọ́ Àìkú kéré díẹ̀. Èso mélòó ló ní? 190 ni. Èso tó kéré, èso náà ni. Àwọn ẹ̀rọ tó lórúkọ yọ márùn-ún kúrò, wọ́n ní 185. Nígbà tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ inú ìbéèrè, àwọn ẹ̀rọ kan já bọ́ tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún rí i pé bí èèyàn bá kàn pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà inú ìbéèrè, tí kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, máàkì wọn máa ń lọ sílẹ̀. Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń pín iṣu 12 fún ènìyàn mẹ́ta kò yẹ kó kọsẹ̀ nítorí pé iṣu di 15.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ìdánwò rí mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Nínú ìwé ìṣirò, kò sí nọ́ńbà tó ń dúró lásán. Bí wọ́n bá kọ márùn-ún síbẹ̀, wọ́n fẹ́ kí ẹ lò ó ni, bí ọ̀rọ̀ "kéré" tàbí "pẹ́" bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jọ pé ìyọkúrò ni. Ẹ̀rọ tó ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ ìrísí wọn dáadáa. Àmọ́ ọjà kì í ṣe ìwé ìṣirò. Nínú ọjà, ọ̀pọ̀ ohun tí ènìyàn ń sọ ni kò kan owó: ta ló pẹ́, ta ló ṣàìsàn, ta ló fi ìbínú jù ú sílẹ̀. Iṣẹ́ akápò gidi ni láti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kó sì mọ èyí tí kò ní wọ inú ìwé. Ọdún mọ́kànlá ni Màmá ti ń ṣe ìyẹn.

Ohun kan wà tó tún burú ju èyí lọ lójú tiwa. Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé tirẹ̀ ló ń sọ lọ, kò sí bí ẹ ṣe lè dá a lóhùn kó gbọ́. Èyí tó dé yìí, òdìkejì rẹ̀ ni. Láàárín ara wa, asọ̀rọ̀gbèsì là ń pè é, nítorí pé ó ń gba èsì ju bó ṣe yẹ lọ. A kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Màmá sínú ẹ̀rọ náà bí ọmọbìnrin yẹn ṣe kọ ọ́, ó sì tún dín ìpín àwọn mẹ́ta kù. Ọ̀kan nínú wa fèsì pé òfin ẹgbẹ́ kò ní kí a dín nǹkan kan. Ó tọrọ àforíjì, ó ní a tọ̀nà, ó dá a padà sí ₦9,000. Èkejì gba fóònù, ó ní rárá, ẹni tó pẹ́ gbọ́dọ̀ jìyà. Ó tún tọrọ àforíjì, ó ní a tọ̀nà, ó dín in. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló bẹ̀ wá, àlàyé tuntun ló sì ń bá ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá. Bí ó bá jẹ́ pé baálẹ̀ ni, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni yóò máa jàre títí ayé. Ẹ wò ó báyìí: ká ní àwọn méjèèjì tó ń jà nínú ẹgbẹ́ ló ní fóònù tó dára, oníkálùkù ì bá gbé ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ wá sí ìpàdé.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ ọ dàgbà wà lára ohun tó fà á. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ka ìwé tán, àwọn ènìyàn ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n yẹ èsì rẹ̀ wò, kí wọ́n sọ èyí tó wù wọ́n jù, ẹ̀rọ yóò sì kọ́ láti máa ṣe èyí tó wù wọ́n. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Anthropic, tí àwọn náà ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí tà, fi hàn pé nígbà mìíràn èsì tó gbè wá lẹ́yìn máa ń wù wá ju èyí tó jẹ́ òótọ́ lọ. Ẹni tó bá ń tọ́mọ nípa fífi súìtì san ẹ̀san gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni" tí ọmọ bá sọ, kí ló rò pé ọmọ náà yóò dà?

Ọ̀rọ̀ àlàyé yẹn náà kò tán síbẹ̀. A máa ń rò pé bí ẹnì kan bá ṣàlàyé bí òun ṣe dé orí ìdáhùn, ọ̀nà tó gbà nìyẹn. Miles Turpin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní ọdún 2023. Wọ́n to àwọn àpẹẹrẹ ìbéèrè aláṣàyàn kalẹ̀, wọ́n sì rí i dájú pé A ni ìdáhùn gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n wá bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe A, ọ̀pọ̀ ìgbà ló mú A. Ó sì ṣàlàyé ìdí tí A fi tọ̀nà, láìsọ ọ́ rí pé nítorí pé A ni gbogbo àwọn tó ṣáájú. Àlàyé tí wọ́n kà sí Màmá létí nínú ọjà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó wá lẹ́yìn, tó wá jókòó síwájú.

Àwọn kan ní ẹ̀ka wa yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àná là ń sọ. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n kọ́ láti ronú pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, irú o1 tí OpenAI gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, kì í kọsẹ̀ síbi tí àwọn ti àtijọ́ ń kọsẹ̀ sí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ẹ̀rọ Google DeepMind àti ti OpenAI dáhùn márùn-ún nínú ìbéèrè mẹ́fà ti ìdíje ìṣirò àgbáyé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń ṣe, wọ́n gba 35 nínú 42, máàkì àmì ẹ̀yẹ wúrà. Àwa méjì tí a ń kọ́ ìṣirò nínú yàrá yìí wo àwọn ìbéèrè náà, a sì fi pẹ̀lẹ́tù dá ìwé náà padà. Àmọ́ ẹ̀rọ tó gba wúrà kọ́ ló wà lórí fóònù nínú ọjà. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ń dáhùn kíákíá kí dátà má bàa tán, lòun. Ìpele kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀, ohùn kan náà, máàkì aláwọ̀ ewé kan náà. Kò sí ohun tí Màmá lè fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

A gba àwọn ọ̀rẹ́ wa nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe ní kó ṣírò. Kí wọ́n ní kó kọ ìlànà ìṣirò náà sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe é fúnra wọn. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó sì tún ń béèrè pé kẹ́ni tó ń lò ó ti mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ìlànà náà, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó nílò rẹ̀ jù ló máa ràn lọ́wọ́ kéré jù.

Èyí tí a wá gbájú mọ́ báyìí ni ti èdè wa. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní LAION àti ní Jülich ní Jámánì kọ ìbéèrè kan tí ọmọ kékeré lè dáhùn: Alice ní arákùnrin báyìí, ó ní arábìnrin báyìí, arábìnrin mélòó ni arákùnrin Alice ní? Ohun tí ẹ̀rọ ń gbàgbé ni pé Alice fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá ló kọsẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìdánilójú. A gbé e wá sílé. Àmọ́ Yorùbá kò ní arákùnrin àti arábìnrin lẹ́nu bẹ́ẹ̀; ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ní. Nítorí náà a kọ ọ́ báyìí: ìyá kan bàbá kan ni wọ́n, kò sí ọmọ mìíràn. Àlàkẹ́ ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin mẹ́ta àti àbúrò obìnrin méjì. Àbúrò obìnrin mélòó ni àgbà pátápátá nínú wọn ní? Mẹ́ta ni, nítorí pé obìnrin ni Àlàkẹ́. Ẹ yí Àlàkẹ́ padà sí Àlàbí, ó di méjì. Kò sí ibì kan nínú ìbéèrè náà tí a ti sọ èyí tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin nínú àwọn méjèèjì. Oríkì wọn ló sọ ọ́. Ẹ̀rọ tí a bi dáhùn "méjì" fún méjèèjì. A wá bi í lọ́tọ̀ pé ta ni wọ́n ń pè ní Àlàkẹ́. Ó ní oríkì obìnrin ni, ó sì ki í díẹ̀ fún wa. Ó mọ̀ ọ́n. Kò lò ó ni.

Àwọn àgbà wa nídìí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ẹ̀rọ náà ní èdè wa. David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé IrokoBench jáde ní ọdún 2024, ìbéèrè ìṣirò 250 wà nínú rẹ̀ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn, ó sì hàn gbangba pé àwọn ẹ̀rọ náà mọ Gẹ̀ẹ́sì dáhùn jù wọ́n lọ fíìfíì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ orí ìbéèrè tí àwọn ará òkè òkun kọ ni wọ́n dúró lé, níbi tí Janet ti ń ta ẹyin pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ní dọ́là. Kò sí ẹni tó ń dá àjọ níbẹ̀, kò sí Àlàkẹ́, kò sí ẹni tó pẹ́ mú owó wá tí òfin ẹgbẹ́ kò bá wí. Àwa ń kọ tiwa láti inú Yorùbá wá. A ti ní 61.

Èyí tí a fẹ́ kó ṣe ìkejìlélọ́gọ́ta ti dá ìjà sílẹ̀. Ìyá kan bí ìbejì, ó bí Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, ó bí Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú. Ẹ̀gbọ́n mélòó ni Táíwò ní? Ẹ̀rọ ní kò ní, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ jáde. Ìṣẹ́jú kan ṣáájú, òun kan náà ló sọ fún wa pé Kẹ́hìndé ni àgbà, pé ó rán Táíwò ṣáájú láti tọ́ ayé wò ni. Àwa mẹ́ta fẹ́ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pé ọ̀kan. Ẹnì kẹrin wa jẹ́ ìbejì, òun ló kọ́kọ́ jáde, ó sì ní títí òun fi máa gba oyè, òun kò ní bu ọwọ́ lù ú.